Iná búùtù ló ń pa bátìrì mi: bí mo ṣe wá a, owó tó bá a lọ, àti ibi tí mo ti ṣìṣe

Okun o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ eléyìí sílẹ̀, ọwọ́ ni kò dilẹ̀. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Kàbà níbí, mi ò kí ń ṣe rìwáyà mọ́tò o, torí náà tí rìwáyà kan bá ń kà á kó fojú fo ibi tí mo bá ti ṣi nǹkan pè. Mọ́tò náà ni Camry 1999, èyí tí wọ́n ń pè ní tiny light, jíà ọtọmátíìkì, bátìrì 60 amp-hours (iye iná tó lè gbé nìyẹn). Ìwé kékeré tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà ni mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sí lẹ́yìn, ibẹ̀ ni mo ti ń wò ó báyìí.

1. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá mi dúró

Sátidé la lọ sóko lápá Ìyàrà, a di iṣu sí búùtù títí kò fi fẹ́ pa dé mọ́, a délé lálẹ́, a já ẹrù, mo lọ sùn. Mi ò jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó di Mọ́ńdè, mo fẹ́ sáré dé Ọ̀bàjánà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń ṣe kẹ-kẹ-kẹ-kẹ, iná iwájú mi sì ń rọ bí àtùpà tí kẹrosíìnì ti tán nínú ẹ̀. Ọtọmátíìkì sì ni, ẹ mọ̀ pé kò sí pé ẹ ń pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá tì í.

Awakọ̀ tírélà sìmẹ́ǹtì kan páàkì sí títì níwájú ilé wa, bàbá yẹn ṣèèyàn, kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti ń fa wáyà bọ̀. Mo ní ẹ dúró ná, bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tírélà ń lo bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀ di 24 volts, mọ́tò tèmi 12. Tí a bá fa wáyà látorí méjèèjì pa pọ̀, brain box mi (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì) ti lọ nìyẹn. A wá wo èyí tí orí nẹ́gétíìfù ẹ̀ lọ tààrà sára ṣásí tírélà, ẹyọ yẹn nìkan la lò: pọ́sítíìfù sí pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù sí ara irin ẹ́ńjìnì Camry, a sì rí i pé mọ́tò méjèèjì ò fara kan ara wọn. Ó sitáàtì. Bàbá ní ọdún wo ni òun ti ń wakọ̀, òun ò tíì ráyè dúró ro ti 24 yẹn wò rí. A jọ rẹ́rìn-ín, mo ra omi tútù fún wọn.

2. Mo lọ ra bátìrì (ẹ má ṣe báyìí o)

Ẹni tó ń ta bátìrì gbé ẹ̀rọ ẹ̀ lé tèmi, ó ní ó ti rọ. Kò purọ́ fún mi o. Àmọ́ bátìrì mọ́tò tó bá ti kú pátápátá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní ṣàì rọ, wọn ò ṣe é fún kí èèyàn máa fà á dé ìsàlẹ̀ bíi ti ìnfátà. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni pé kí ló ń pa á. Mi ò béèrè. Tuntun ₦78,000, wọ́n gba ògbólógbòó ẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ₦10,000, mo fi ₦68,000 lélẹ̀, inú mi dùn délé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Mo dé, mo yí kọ́kọ́rọ́, kẹ-kẹ-kẹ. Bátìrì tí kò tíì pé ogúnjọ́ lọ́wọ́ mi! Mo jókòó sínú mọ́tò yẹn, mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bínú sí.

Rìwáyà kan ládùúgbò ní alternator ni, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kí n mú owó tokunbo wá. Níbi yẹn ni ojú mi ti là díẹ̀, mo ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi mítà tí mo fi ń wọn iná fóònù wò ó. Mo gbé bátìrì lọ ṣájì mọ́jú, ₦1,500, mo gbé e padà. Kí n tó sitáàtì, 12.6 volts. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, 14.1. Alternator tó bá ń fún un ní nǹkan bíi 13.8 sí 14.4 ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òun. Nǹkan kan wà tó ń mu iná nígbà tí mọ́tò ń sùn.

3. Mítà, àti fíúsì mítà tí mo jó

Bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan tó ń fa iná ni pé kí ẹ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì pẹ̀lú sípánà 10, kí ẹ wá fi mítà sí àárín wáyà tí ẹ tú àti orí bátìrì, kí gbogbo iná tí mọ́tò bá ń fà gba inú mítà kọjá. Mo mọ ìyẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é fún fóònù. Ohun tí mo gbàgbé ni pé mọ́tò kí ń ṣe fóònù. Mítà wà lórí 200mA, ibi tí mo máa ń fi í sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo kàn án mọ́ bátìrì, ìyàwó mi sì ṣílẹ̀kùn mọ́tò lásìkò yẹn gan-an láti mú báàgì ẹ̀. Gbogbo iná inú mọ́tò tàn lẹ́ẹ̀kan náà, mítà sì kú. Fíúsì inú ẹ̀, ₦300. Ó ní kí ló dé tí mo ń wo òun báyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì mo tò ó bó ṣe yẹ:

– Wáyà pupa mítà bọ ihò 10A, kì í ṣe ihò kékeré yẹn.
– Mo yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ sílẹ̀ kí n má baà tún ṣílẹ̀kùn, mo pa ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti búùtù dé, bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣí sílẹ̀.
– Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rárá nígbà tí mítà bá wà láàárín, iná tí sitátà ń fà ju 100 amps lọ, kì í ṣe fíúsì nìkan ló máa jó.
– Mo dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí gbogbo nǹkan sùn.

Mítà ka 0.44A. Mọ́tò tó ń sùn dáadáa kò yẹ kó ju 0.05 lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 0.44 lọ́nà wákàtí 96, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin tí mo lò ní Ìlọrin, ó lé ní 42 nínú 60 tí bátìrì lè gbé. Bátìrì tuntun ò ṣẹ̀ mí rárá, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.

4. Fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi dé inú búùtù

Mo ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń wo mítà, mò ń dá a padà. Tí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́kọ́, mo gba ojú wíńdò nawọ́ wọlé, ọ̀pá ẹ̀yìn mi sì ń sọ fún mi pé mi ò kí ń ṣọmọdé mọ́. Kò sí èyí tó yí nǹkan kan padà. Mo wá bọ́ sí àpótí fíúsì tó wà nínú ẹ́ńjìnì, mo yọ èyí tí wọ́n kọ DOME sí níbi ìdérí ẹ̀, mítà já wálẹ̀ sí 0.02. Mo dá a padà, 0.44. Mo tún yọ ọ́ kó lè dá mi lójú. 0.02.

DOME yẹn, òun ló ń gbé gbogbo iná inú mọ́tò, òun náà ló ń mú kí rédíò rántí stéṣọ̀n tí ẹ fi sí, àti áágo. Mo dá fíúsì padà, mo wo inú mọ́tò látojú wíńdò, gbogbo iná ti kú. Ti àárín kú, ti ilẹ̀kùn kú, àpótí iwájú níbi tí a ń kó pépà sí, mo ní kí ọmọ mi obìnrin wò ó pẹ̀lú ojú kan láàárín ihò tó ṣẹ́kù, ó ní dúdú ni. Kí ló wá ń tàn?

Mo tan fídíò sórí fóònù, mo tẹ́ ẹ sínú búùtù kó kọjú sókè, mo pa búùtù dé, mo ka dé ogún, mo ṣí i. Fídíò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Iná búùtù ń tàn gbòò, búùtù wà ní pípadé pátápátá, a sì ń rí egbò iṣu kan tó kù ní kọ̀rọ̀. Ó ti lè jẹ́ oṣù mélòó kan tó ti ń tàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó rí i, torí ta ló máa wà nínú búùtù.

Gílóòbù 5W ni. 5 pín sí 12, ó sún mọ́ 0.4A. Mo yọ ọ́, mítà bọ́ sí 0.04.

Súìṣì ẹ̀ kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́ọ̀kì búùtù, búùtù ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́ kí iná kú. Erùpẹ̀ iṣu ti kún inú ẹ̀, ó ti gan. Ẹ wo erùpẹ̀ wa yìí ná, pupa, tó bá gba omi díẹ̀ ó ń gan bíi sìmẹ́ǹtì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti sípírítì tí mo fi ń fọ bọ́ọ̀dù fóònù fọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà ọgbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wọlé. Fídíò kejì: òkùnkùn biribiri. Ohun tí kò ná mi ju sípírítì ẹnu ìdérí lọ ló gba ₦68,000 lọ́wọ́ mi.

5. Gílóòbù LED

Kí n fi í síbẹ̀ ni ì bá dáa. Àmọ́ mo ní àwọn ọmọ mẹ́ta, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í pa dé lọ́wọ́ wọn, tí a bá sì ń já ẹrù oko gbogbo ilẹ̀kùn ló ń wà ní ṣíṣí fún wákàtí kan. Mo ní kí n pààrọ̀ gbogbo gílóòbù inú mọ́tò sí LED kí èyí tí wọ́n bá gbàgbé má fi bẹ́ẹ̀ fà. Márùn-ún, ₦1,200 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Méjì nínú wọn gùn jù, 36mm ni wọ́n fún mi, 31mm ni mọ́tò ń lò, mo ní láti padà lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn èyí tí ẹ bá yọ, ẹ má fojú díwọ̀n ẹ̀ bíi tèmi. Ìkejì, LED ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, gílóòbù àtijọ́ ò ní, torí náà tí ẹ bá fi í sí tí kò tàn ẹ má tíì jù ú nù, ẹ yí i padà. Ìkẹta ni èyí tó dùn mí: mi ò yọ fíúsì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi sukudiráfà yọ gílóòbù ti àárín, irin sukudiráfà kan ibi méjì pa pọ̀, ṣà! fíúsì DOME jó, rédíò kú, áágo kú. Ọmọ ìsọ̀ kejì ní kí n fi wáyà kékeré wé e, ó ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Mi ò gbọ́. Wáyà yẹn ò ní já tí nǹkan bá tún kan ara wọn, ara mọ́tò ló máa jó dípò ẹ̀. Mo ra fíúsì oní-nọ́ńbà kan náà mẹ́rin, ₦400, mẹ́ta wà nínú mọ́tò títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn LED, ilẹ̀kùn awakọ̀ ní ṣíṣí, gbogbo iná tó ń tàn pa pọ̀ kò ju 0.2A lọ. Tẹ́lẹ̀ ó ju 1A lọ dáadáa, òun náà ló pa mítà mi.

6. Iná tó ń ṣẹ́jú lóru

Òjò bẹ̀rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀, mo rí i pé nǹkan kan ń tàn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nínú mọ́tò, bí ojú ológbò. Ilẹ̀kùn gbogbo wà ní pípadé. Àyà mi já díẹ̀, mi ò ní parọ́. Mo sún mọ́ ọn, LED àárín ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Lára òpó ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan súìṣì kékeré kan wà tó ní rọ́bà dúdú lórí, tí ilẹ̀kùn bá ṣí ó máa jáde, á so wáyà mọ́ ara irin mọ́tò, iná á tàn. Omi ti wọ inú ọ̀kan, ó ti dípẹtà, iná díẹ̀díẹ̀ wá ń gba inú ìpẹtà yẹn kọjá nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé. Gílóòbù àtijọ́ ò lè fi irú iná kékeré bẹ́ẹ̀ tàn, torí náà ẹ ò lè rí i. LED máa ń tàn. Ká ní mi ò pààrọ̀ gílóòbù ni, ó di ọjọ́ tó bá gan pátápátá kí n tó mọ̀.

Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Mo ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì kan péré ló dì wọ́n mú. Nígbà tí mo fa tẹ̀yìn lápá òsì jáde, LED kú. Mo fi mítà sí i lórí ibi tí wọ́n ti ń wọn ohms (bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), mo tẹ ẹnu ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí mítà má ka nǹkan kan, ó ka 2,100 ohms.

Ibi tí mo ti gọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé o. Wáyà ẹyọ kan ló wà lẹ́yìn súìṣì yẹn. Mo yọ ọ́ kúrò lára súìṣì, mo fi í sílẹ̀ kí n lè mú sánpépà, wáyà sá wọ inú òpó padà lọ, ó di àwátì. Wákàtí méjì gbáko. Mo fi ìka, ìka ò wọ̀. Mo fi tuwísà tí mo fi ń mú páàtì fóònù, ó kúrú. Nígbẹ̀yìn mo lọ bẹ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kó fún mi ní sípókù kan, mo tẹ orí ẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, òun ni mo fi kó o jáde. Tí ẹ bá máa yọ ọ́, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há wáyà yẹn níta.

Mo fi sánpépà ha ìpẹtà, mo fọ̀ ọ́, mo fi gíríìsì díẹ̀ sábẹ́ rọ́bà, mo dá a padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dáa, òjò ńlá kan rọ̀, ojú ológbò padà dé. Rọ́bà ẹ̀ ti ya, ibẹ̀ lomi ń gbà. Mo wá ra súìṣì tokunbo, ₦2,500, rọ́bà ẹ̀ ṣì pé. Látìgbà yẹn kò ṣẹ́jú mọ́.

7. Táímà tí mo fowó ṣòfò lé lórí

Mo rí bọ́ọ̀dù kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 12 volts, ó ní rìlé (súìṣì tí iná fúnra ẹ̀ ń tẹ̀) àti táímà, wọ́n ní ó máa ń pa iná fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi sí i. ₦5,500 pẹ̀lú owó bọ́ọ̀sì. Mo so ó pọ̀ pẹ̀lú iná mọ́tò, mo fi sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ṣiṣẹ́ gan-an, ta! iná kú. Mo ti ń pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Mo kàn ní kí n fi mítà wò ó kí n tó bo gbogbo ẹ̀ padà: 0.06A. Bọ́ọ̀dù yẹn fúnra ẹ̀ ń mu 0.03 ní gbogbo ìgbà, kó lè máa dúró de ìgbà tó máa ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rà kó má jẹ́ kí iná jẹ bátìrì, òun gan-an ló wá ń jẹ ẹ́. Mo tú u kúrò, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bóyá màá fi í ṣe nǹkan mìíràn.

Èyí tí mo lò dípò ẹ̀ ò ní ọgbọ́n kankan nínú. Súìṣì iná àárín ní ibi mẹ́ta: ON, DOOR, OFF. Lọ́jọ́ oko a ń fi sí OFF ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù, ó tán. Tí mo bá sì ń rìnrìn àjò tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo ra ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí nẹ́gétíìfù bátìrì tó ní kókó aláwọ̀ ewé, ₦4,000, ẹ yí i sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, mọ́tò ti já kúrò lára bátìrì nìyẹn. Ẹ rí i pé ó le dáadáa tí ẹ bá yí i padà, ọjọ́ kan tèmi ò le, mọ́tò ò sitáàtì, mo ti tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í bú iná búùtù kí n tó mọ̀.

8. Níbi tó dé báyìí

Mítà ka 0.03A pẹ̀lú gbogbo fíúsì ní ipò wọn. Mo dán an wò dáadáa: mo páàkì ẹ̀ nírọ̀lẹ́ Fráídè ní 12.6 volts, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, irin kókó aláwọ̀ ewé yẹn wà ní dídè, mọ́tò ò já kúrò lára bátìrì. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kejì 12.5, ó sitáàtì lẹ́ẹ̀kan.

Owó tó bá a lọ: ṣájì 1,500, fíúsì mítà 300, fíúsì mọ́tò 400, LED 6,000, súìṣì ilẹ̀kùn 2,500, táímà òfò 5,500, irin orí bátìrì 4,000. Àpapọ̀ ₦20,200. Ẹ fi bátìrì ₦68,000 lé e, ₦88,200. Ká ní mo ti tẹ́ fóònù sínú búùtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti mọ iye tó yẹ kó jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá yí kókó yẹn, áágo mọ́tò ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, rédíò sì ń gbàgbé gbogbo stéṣọ̀n. Ìyàwó mi ò bá mi jà lórí bátìrì tó kú lẹ́ẹ̀mejì o, àmọ́ lórí stéṣọ̀n ẹ̀ tó sọnù, ó ti ní kí n gbé irin yẹn padà fún ẹni tó tà á fún mi.